Ohun tójú mi rí lẹ́yìn òkè Rollins Pass nínú bàálù kékeré

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àtikọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ọwọ́ mi á kàn dúró ni, torí kì í ṣe èmi nìkan ni mo wà nínú bàálù lọ́jọ́ náà. Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọlọ́mọ tó wá kí wa láti Ìbàdàn, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi de bẹ́líìtì mọ́ ọn lára. Àmọ́ láìpẹ́ yìí àwọn ọmọ Yorùbá bíi mẹ́ta ní agbègbè Denver níbí ti gba láísẹ́ǹsì wíwa bàálù, wọ́n sì ń pè mí ṣáá pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fò lọ sórí òkè, wọ́n ní ibẹ̀ rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọmọ Ìdànrè ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Aurora, ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ níbi iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń lọ, ó sì gbà mí tó ọdún méjì kí n tó gba láísẹ́ǹsì torí ọ̀rọ̀ owó. Ìhà ìlà oòrùn Denver la ti ń kọ́ ọ, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko ni gbogbo ẹ̀, tí ẹ́ńjìnì bá kú èèyàn lè rí ibi bà sí. Wọ́n kọ́ mi dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé òfin ò ní kí n má lọ sórí òkè pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tí mo gbà yìí, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wá olùkọ́ tó máa mú mi rìn níbẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Mi ò wá olùkọ́ kankan. Mo ti ka ìwé, mo ti wo fídíò, mo rò pé ó ti tó.

Kí ẹni tí kò débí rí lè fojú inú wò ó, Denver fúnra ẹ̀ ti fi 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ kí ẹ tó gbéra nílẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá wá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn òkè Rockies á dìde bí ògiri níwájú yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ju 13,000 lọ. Àwọn àlàfo tó wà láàárín òkè sí òkè ni bàálù kékeré máa ń gbà kọjá, Rollins Pass sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó fi díẹ̀ lé ní 11,600, James Peak tó ga ju 13,000 wà ní gúúsù ẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ ni ihò rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Moffat Tunnel ti gba inú òkè kọjá, ó gùn ju máìlì mẹ́fà lọ. Ní òdìkejì ni Winter Park wà, ẹ ó kan Fraser, ẹ ó wá kan Granby, pápákọ̀ òfurufú Granby sì wà ní bíi 8,200. Cessna 172 ni mo máa ń háyà, ẹ́ńjìnì ẹ̀ lágbára ẹṣin 180. Nítòsí òkun ó lè gun òkè ju 700 ẹsẹ̀ bàtà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lókè lọ́hùn-ún tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yẹn á ti lọ, tẹ́ ẹ bá rí 250 kẹ́ ẹ máa dúpẹ́. Ẹ fi 250 yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ohun tí mo ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Sátidé kan ni, nínú oṣù Kejì ọdún 2019. Àbúrò ìyàwó mi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣèlérí fún un pé mo máa fi bàálù gbé e lọ jẹun ní Granby, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni yìnyín ò jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, wọ́n ní ní 12,000 ẹsẹ̀ bàtà afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́ bọ̀ ní 32 nọ́ọ̀tì (nọ́ọ̀tì kan fi díẹ̀ ju máìlì kan lọ ní wákàtí kan). Mo rí i pé wọ́n ti kìlọ̀ tọ́bulẹ́ǹsì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ju bàálù síbí sọ́hùn-ún, fún gbogbo agbègbè òkè, AIRMET Tango là ń pe ìkìlọ̀ náà. Mo tún rí ìròyìn tí páílọ́ọ̀tì kan tó ti kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù kọ sílẹ̀ pé ó jù wọ́n gan-an. Kò sí èyí tí mi ò kà nínú gbogbo ẹ̀. Àmọ́ mo jáde síta, mo wòkè, ojú ọ̀run mọ́ gaara, kò sí òjò, kò sí yìnyín, oòrùn ń ràn sára òkè, ọmọ yẹn sì ti wọ kóòtù tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo wá sọ fún ara mi pé tó bá le jù a máa yí padà. Gbólóhùn yẹn, "tó bá le jù a máa yí padà," mi ò mọ̀ pé mi ò tíì pinnu ibo gan-an la ti máa yí padà, àti kí ni mo máa rí tí mo fi máa mọ̀ pé ó ti le jù.

A gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bá a ṣe ń gòkè lọ ọmọ náà ń ya fọ́tò. Ó nawọ́ sí apá àríwá, ó ní "Bọ̀dá, ẹ wo àwọsánmà yẹn, ó dà bí ẹni to àwo léra wọn." Mo wò ó, lóòótọ́ ó dà bí àwo, ó dán, etí ẹ̀ gún régé, kò sì kúrò lójú kan náà láti ìgbà tá a ti gbéra. Lẹntíkúlà ni wọ́n ń pè é, mo mọ orúkọ ẹ̀ nínú ìwé, mo tiẹ̀ sọ orúkọ náà fún un bí ẹni tó mọ nǹkan. Àwọsánmà tó bá dúró sójú kan nígbà tí afẹ́fẹ́ ń sáré 30 nọ́ọ̀tì, ó ń sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń rú sókè ó sì ń já sísàlẹ̀ bí ìgbì omi. Ó wà lójú ọ̀run gbangba.

A kọjá lórí adágún omi Gross Reservoir ní 12,500, mo tẹ̀lé ojú irin rélùwéè, mo sì dojú kọ àlàfo òkè yẹn ní tààrà. Bíi 800 ẹsẹ̀ bàtà péré ni mo fi máa ga ju àlàfo náà lọ. Látọ̀ọ́kán mò ń rí àfonífojì Fraser ní òdìkejì, ó funfun báláú. Ó kù bíi máìlì mẹ́rin nígbà tí aago tó ń sọ bá a ṣe ga tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀. 12,400. 12,200. Kò sí gbọ̀ngbọ̀n kankan o, afẹ́fẹ́ dákẹ́ bí òróró ni, èyí gan-an ló tàn mí jẹ torí mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì nǹkan. Mo ti ẹ́ńjìnì dé òpin, mo fa sítíárìn sọ́dọ̀ mi kí imú bàálù lè gbé sókè. Eré tó wà ní 95 nọ́ọ̀tì wá sí 80, ó wá sí 70, síbẹ̀ náà à ń lọ sílẹ̀ ju 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó, imú wa kọjú sí ọ̀run, ẹ́ńjìnì ń pariwo bí ẹni pé ó fẹ́ já, a sì ń rì. 250 mi yẹn kọ́ ló máa gbà wá lọ́wọ́ 1,000.

Ohun tó gbé ojú mi kúrò lára aago ni pé àfonífojì Fraser tí mò ń rí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pòórá. Góńgó òkè ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ òkè tẹ́ ẹ sì ń rí ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sí i, ẹ máa kọjá. Tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń sọnù, òkè náà ti ga jù yín lọ nìyẹn. Ara mi bù máṣọ. Lásìkò yẹn fèrè stall bẹ̀rẹ̀ sí ké, ìyẹn pé apá bàálù ti fẹ́ ṣíwọ́ gbígbé wa dúró. Àbúrò mi ò mọ ohun tí fèrè yẹn ń wí, ó kàn yíjú sí mi ó ní "Bọ̀dá, ṣé kò sí?" Mi ò dá a lóhùn.

Mo ti sítíárìn síwájú, mo dojú bàálù kọ ìsàlẹ̀ tí kò wù mí rárá, mo sì yí sápá ọ̀tún, mo kọ ẹ̀yìn sí òkè. Ibi tá a ti ń yí yẹn la ti bọ́ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní rótọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń yí po lẹ́yìn òkè. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀. Kì í ṣe gbọ̀ngbọ̀n tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nínú bàálù ńlá. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan di apá òsì bàálù mú tó sì jù ú, apá ọ̀tún dojú kọlẹ̀ pátápátá, orí mi gbá òrùlé, hẹ́díséètì fò kúrò létí mi, fóònù ọmọ yẹn kọjá níwájú ojú mi lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tún jù wá sí òdìkejì. Mò ń gbọ́ "Jésù, Jésù, Jésù" mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnu tèmi ni àbí tiẹ̀. Nígbà tí mo tún rí aago kà, ó wà ní 10,100, àwọn igi páìnì àfonífojì Tolland sì wà nísàlẹ̀ wa, mò ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó 8,900, ẹ ṣírò ohun tó kù fún wa.

Àfonífojì yẹn ń lọ sílẹ̀ bá a ṣe ń lọ sí ìlà oòrùn, òun ló gbà wá. Ilẹ̀ ń jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a fi dé ojú ilẹ̀ tó tẹ́ tí gbogbo nǹkan dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Látìgbà tí aago ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tá a balẹ̀, ọmọ náà bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn náà ó ní "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jí mi lóru jù, ju fèrè stall lọ.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí ọmọ náà fi wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Ìgbà tí mo sọ fún un, ó jókòó, kò pariwo, ó kàn bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá òun n'Íbàdàn tó bá jẹ́ pé bàálù náà ti já. Mi ò ní ìdáhùn, oṣù mẹ́rin ni mi ò sì wọ bàálù.

Ẹni tó padà mú mi lọ síbẹ̀ jẹ́ bàbá òyìnbó kan tó ti fi nǹkan bí ogójì ọdún kọ́ àwọn èèyàn láti fò lórí òkè. Kó tó jẹ́ ká wọ bàálù rárá, ó fi mọ́tò gbé mi lọ sétí odò kan tó ń ṣàn gba orí àpáta, ó ní kí n wo omi. Mo sọ fún un pé mo mọ èyí, torí nígbà tá a wà lọ́mọdé nílé a máa ń wo omi tó bá ṣàn kọjá lórí òkúta, ó máa ń dán nígbà tó bá ń gun òkúta náà, á wá já wálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú agbára, ibi tó já sí ló ti máa ń yí po tó ń hó. Igi tẹ́ ẹ bá jù síwájú òkúta á gbé sókè, èyí tẹ́ ẹ bá jù sẹ́yìn ẹ̀ á rì. Bàbá ní ó tán, ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lórí òkè nìyẹn, omi lẹ̀ ń rí, afẹ́fẹ́ lẹ ò rí. Ẹ̀yìn òkè ni èmi gbà wọlé. Ní Colorado afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn ló pọ̀ jù nígbà òtútù, ẹni tó bá sì ti Denver lọ, ẹ̀yìn òkè ló máa kọ́kọ́ kàn nígbà gbogbo, ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń ti Granby bọ̀, iwájú òkè ló máa kàn, afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, á rò pé gbogbo nǹkan dára, àfìgbà tó bá kọjá góńgó.

Ó ní kí n lọ ka ọ̀rọ̀ Steve Fossett. Mo kà á tán mi ò lè sùn. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù dá nìkan yí ayé po ní 2002. Ní 2006, òun àti Einar Enevoldson gun ìgbì afẹ́fẹ́ lórí òkè Andes ní Argentina nínú gíláídà tí kò ní ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ òkè yẹn nìkan ló gbé wọn kọjá 50,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó mọ ìgbì òkè tó bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2007 ó gbéra ní Nevada nínú bàálù kékeré oníjókòó méjì, ó kàn fẹ́ fò kiri díẹ̀ láàárọ̀ ni, kò sì padà wálé. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó rí àfọ́kù bàálù náà lórí òkè Sierra Nevada nítòsí Mammoth Lakes, ní nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàm̀bá ní Amẹ́ríkà sọ pé ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó ń já sísàlẹ̀ ju bí bàálù ẹ̀ ṣe lè gòkè lọ. Ìṣírò kan náà tí èmi ṣe lórí Rollins Pass nìyẹn. Àfonífojì tó wà lẹ́yìn mi ló yà wá sọ́tọ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé bàálù tó bá ti tóbi bọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ òkè. Kò bọ́. Ní oṣù Kìíní 1964, bàálù ológun B-52, ẹ́ńjìnì mẹ́jọ, ń fò nítòsí òkè Sangre de Cristo níbí ní Colorado, tọ́bulẹ́ǹsì já èyí tó pọ̀ jù nínú ìrù ẹ̀ tó dúró gbọọrọ yẹn dànù, orí ló kó àwọn tó wà nínú ẹ̀ yọ tí wọ́n fi lè gbé e balẹ̀ ní Arkansas. Ọdún 1966 bàálù akérò Boeing 707 kan fọ́ lójú ọ̀run lẹ́yìn òkè Fuji ní Japan, èèyàn 124 ló kú, ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́ ni. Nígbà tí mo ka ti Fuji yẹn mo rántí bí mo ṣe dúró síta tí mò ń wo ojú ọ̀run tó mọ́ tí mo sì ń dúpẹ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ò pọ̀ ó sì lè dà bí ojo lójú ẹlòmíì. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 20 nọ́ọ̀tì lórí góńgó òkè mi ò lọ, bàbá sọ pé 25 ni òpin fún ẹni tó mọṣẹ́, mo yọ márùn-ún kúrò fún ara mi. Aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ ni mò ń gbéra, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná. Mo máa ń pe ẹ̀rọ ojú ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ Colorado gbé sórí àwọn òkè yìí kí n tó gbéra, mo tún máa ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, torí afẹ́fẹ́ Denver ò sọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́ góńgó. Mi ò dojú kọ òkè ní tààrà mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà sún mọ́ ọn, ní bíi digiri 45, kó lè jẹ́ pé tó bá ṣú mi, ìyípadà díẹ̀ báyìí ni mo fi máa kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kéré tán 2,000 ni mo gbọ́dọ̀ fi ga ju òkè lọ, tí mi ò bá sì tíì ní in kí n tó kan Gross Reservoir, mo máa yí po níbẹ̀ títí mo fi máa ní in àbí kí n padà sílé. Tí afẹ́fẹ́ bá wá gbé mi rì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, mi ò ní fa imú sókè. Èyí ló ṣòro jù láti kọ́, torí gbogbo ara èèyàn ló ń sọ pé fà á, fà á, nígbà tó jẹ́ pé eré lẹ nílò kẹ́ ẹ lè tètè jáde níbi tó ń rì.

Ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn máa yí sí. Lójú ọ̀nà I-70, nítòsí Silver Plume, òkúta ìrántí kan wà níbẹ̀, mo ti fi mọ́tò kọjá níwájú ẹ̀ àìmọye ìgbà láìbojú wò ó. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1970 ni bàálù tó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Wichita State wọ àfonífojì yẹn, wọ́n fò sílẹ̀ jù, òkè dí níwájú wọn, àyè ò sì tó láti yí, èèyàn 31 ló ṣòfò. Kì í ṣe tọ́bulẹ́ǹsì ló pa wọ́n. Àmọ́ nígbà tí bàbá dá mọ́tò dúró níbẹ̀ tó ní kí n ka orúkọ wọn, ohun tí mò ń rí ni ara mi àti ọmọ ìyá ìyàwó mi, ká ní àfonífojì Tolland ti dí ní ìlà oòrùn ni.

Mo ti yí padà ní Gross Reservoir ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ àti ọkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì ní Granby, inú wọn ò dùn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan tó ṣe ojú ọ̀run. Mo ní ẹ má bínú. Kí n tó gbéra ní ilẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún ẹni tó bá bá mi lọ pé ibi báyìí la ti máa padà tí nọ́ḿbà báyìí ò bá pé, kó má baà jẹ́ pé lókè tí ojú ti ń ti mi ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí ronú.

Lọ́dún tó kọjá àbúrò ìyàwó mi tún wá. Mi ò dá ọ̀rọ̀ bàálù sílẹ̀, òun ló dá a sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní Bọ̀dá, Granby yẹn ńkọ́. Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní afẹ́fẹ́ mélòó ni. Mo ní nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ni wọ́n sọ fún góńgó. Ó ní kí á tètè sùn.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la gbéra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí po lórí Gross Reservoir kí n tó ní 14,000, mo gba ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, àfonífojì Fraser ń yọ sí wa díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i. Ọmọ náà ò mú fóònù dání rárá lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tá a kọjá lórí ẹnu ihò rélùwéè, ó fara ti wíńdò, ó wo ìsàlẹ̀ pẹ́.

"Bọ̀dá, ibẹ̀ yẹn ni?"

Mo ní ibẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi balẹ̀ ní Granby.